Kí la ó pe àwọn tó ń ṣe géèmù, kí la ó sì pe àjọjẹ wọn?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí ìwé ìpè tí ọ̀kan nínú wa gbé wá fún àyẹ̀wò. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i, àwọn kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ṣíṣe géèmù fẹ́ pàdé ní ìta gbangba nígbà ooru, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n sì gbá géèmù ara wọn. Wọ́n fẹ́ kí ìwé ìpè náà wà ní Yorùbá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni "Píkíníìkì Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn fún Àwọn Olùdàgbàsókè Eré Fídíò Ìbílẹ̀". Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé ṣáájú mi ní kò sóhun tó ṣe é, pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ la lè bá nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn lórí rédíò, tí kò sì rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kò ní mọ ẹni tí wọ́n ń pè, kò ní mọ oṣù tí wọ́n pè é sí, kò sì ní mọ ohun tó yẹ kó gbé dání lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi "eré fídíò" bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dùn mí jù. Nínú Yorùbá tí à ń sọ lójoojúmọ́, eré ni ohun tí àwọn òṣèré ń ṣe, fídíò sì ni ohun tí a fi ń wò ó. Kásẹ́ẹ̀tì ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé tọ̀ wá, kó tó di ti àwo, kó tó wá di ti fóònù. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun wo eré fídíò kan lánàá, fíìmù àgbéléwò ló ń sọ. Nítorí náà, "àwọn tó ń ṣe eré fídíò" ti ní ìtumọ̀ kí àwa tó dé ibẹ̀: àwọn òṣèré ni, àtàwọn olóòtú wọn. Ẹni tó bá fi ìwé ìpè yìí ránṣẹ́, òṣèré ló pè.

Àwọn tó sọ géèmù ní "video game" lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ìdí tiwọn. Lọ́dún 1966, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Ralph Baer bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí èèyàn tún lè fi tẹlifíṣọ̀n ṣe yàtọ̀ sí kó máa wò ó lásán. Ohun tí ìrònú yẹn bí ni Magnavox Odyssey, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n inú ilé, tó dé ọjà lọ́dún 1972. Àwòrán ojú tẹlifíṣọ̀n ni "video" inú orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wọ èdè wa, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà míì ló gbà wọlé, ìtumọ̀ míì ló sì fi jókòó. Àwòrán gan-an kọ́ sì ni ọkàn géèmù. Nígbà tí Alexey Pajitnov ṣe Tetris, géèmù tí bíríkì ti ń já bọ́ láti òkè tí à ń tò wọ́n, ní Moscow lọ́dún 1984, kọ̀ǹpútà Elektronika 60 tó lò kò lè ya àwòrán rárá. Àmì ìkọ̀wé ló fi ṣe bíríkì inú rẹ̀. Géèmù náà ti pé bẹ́ẹ̀, torí òfin rẹ̀ ti pé.

Èyí ló mú kí àwọn kan nínú yín ní ká padà sí ayò, ká máa sọ pé "ayò orí ẹ̀rọ". Mo fẹ́ràn àbá yìí gan-an, mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ayò kì í ṣe orúkọ lásán. Ó ní ẹbí tirẹ̀ nínú èdè: à ń ta á, a máa ń pa ara wa láyò, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Kò sí èyí tí ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù lónìí kò nílò nínú wọn, inú mi á sì dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ọ̀gá nínú géèmù ní ọ̀ta. Ṣùgbọ́n ayò kì í wà láìsí ẹni méjì tó kojú ara wọn. Ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n ń ṣe lóde òní kò ní ọ̀ta, kò ní òpè. Ìtàn ni èèyàn ń bá lọ nínú rẹ̀, tàbí kó máa dáko, tàbí kó kàn máa rìn kiri nínú ìlú tí ẹnìkan fọwọ́ yà. Kò sẹ́ni tó pa ẹnikẹ́ni láyò níbẹ̀. Bí a bá pe irú èyí ní ayò, a ti ṣèlérí ìdíje fún ẹni tí kò ní rí ìdíje kankan.

Ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ náà ní ìṣòro kan. "Ta" tí a fi ń ṣe ayò, ohùn àárín ló ní. "Tà" ti ọjà, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Àmọ́ bí "tà" bá ti ní ọ̀rọ̀ orúkọ gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di àárín, a ó sì gbọ́ "ó ta aṣọ". Nípa bẹ́ẹ̀, "ó ń ta géèmù" lè jẹ́ ẹni tó ń gbá a, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń gbowó lórí rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ bá tẹ̀ lé e nìkan ni etí máa mọ ìyàtọ̀: "ó ta á", "ó tà á". Láàárín àwọn tó jẹ́ pé wọ́n á ṣe géèmù tán, wọ́n á sì tà á, ìdàrúdàpọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé àwọn ń gbá géèmù. Kí ayò wà fún ti ìdíje, kí géèmù jẹ́ orúkọ gbogbo wọn pátá. Ọ̀rọ̀ àyálò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́nu ọmọdé àtàgbà, bí fóònù àti bọ́ọ̀lù ṣe wà.

Ó wá ku ẹni tó ń ṣe é. "Olùdàgbàsókè" tí wọ́n fi tú "developer" ti Gẹ̀ẹ́sì kò lè dúró, gírámà wa gan-an ló kọ̀ ọ́. Dàgbà sókè kì í gba àbọ̀. Ọmọ a máa dàgbà sókè, ìlú náà a máa dàgbà sókè, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń "dàgbà sókè géèmù". Bí a bá fẹ́ sọ pé ẹnìkan ló fà á, "mú" gbọ́dọ̀ wọlé: ó mú ìlú dàgbà sókè. Olùdàgbàsókè, bí a bá tú u palẹ̀, ni ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń dàgbà. Ká tiẹ̀ fi "mú" kún un, kò tíì bá iṣẹ́ náà mu, torí ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ là ń mú dàgbà sókè. Ohun tí kò sí rí ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń mú jáde.

Ẹnìkan dá "ẹlẹ́dàá géèmù" lábàá. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹni tó ni ín nínú ọkàn àwọn tó ń sọ èdè yìí, mi ò rò pé ó yẹ ká fà á wá síbí. "Aṣegéèmù" náà kò yanjú rẹ̀, torí ẹni tó ń ṣeré náà ń ṣe nǹkan. Àbúrò wa kan mú "akọgéèmù" wá, láti ara kíkọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ẹlòmíràn sì ní "akọ́géèmù" ló yẹ, bí a ṣe ń kọ́ ilé. Àwọn méjèèjì ronú jinlẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ò ju àmì kan lọ, àmì yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi sí i lórí fóònù. Kódà nígbà tí àmì bá wà níbẹ̀, "kọ́" yìí náà la fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ akọ́géèmù lè rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a ni.

Mo ní àtakò tó ju èyí lọ sí "akọgéèmù". Ẹni tó ń kọ kóòdù nìkan ló mọ̀. Ayàwòrán ńkọ́? Ẹni tó ń ṣe orin àti ìró inú rẹ̀ ńkọ́? Akọ̀tàn ńkọ́, àti ẹni tó ń gbá géèmù tí kò tíì parí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kó lè rí ibi tó ti ń dákú? Ẹ padà wo Tetris. Pajitnov ló ronú rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n Vadim Gerasimov, tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà náà, ló bá a gbé e sórí kọ̀ǹpútà IBM, tó fi di ohun tó ní àwọ̀ tó sì lè dọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó sì ti ìkejì síta kò lè jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ gba ẹni tó dá gbogbo rẹ̀ ṣe nínú yàrá rẹ̀, torí irú wọn pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, àwọn ló sì nílò irú ìpàdé báyìí jù, nítorí wọn kò ní alábàáṣiṣẹ́ tí wọ́n lè bi léèrè.

Oníṣẹ́ géèmù ni mo yàn. A ti ní oníṣẹ́ ọnà, a ní oníṣẹ́ ọwọ́, a ní oníṣẹ́ irin. Ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá ẹni tó ń ta géèmù ní ṣọ́ọ̀bù náà kò ní máa pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rárá o. A kì í pe ẹni tó ń ta irin ní oníṣẹ́ irin. Ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ irin di nǹkan la fún lórúkọ yẹn, etí ọmọ Yorùbá sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó di pé géèmù dé.

Lórí "ìbílẹ̀", mi ò ní pẹ́. Ohun tí wọ́n bí mọ́ ilẹ̀ ni ìbílẹ̀, bí oògùn ìbílẹ̀ àti orin ìbílẹ̀. Ẹni tó kó dé agbègbè náà lóṣù tó kọjá wà lára àwọn tí wọ́n ń pè, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ará ìbílẹ̀ ibẹ̀. "Agbègbè wa" ti tó.

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn" gba àlàyé díẹ̀, torí ẹni tó lò ó ní ẹ̀rí. Nínú Bíbélì Yorùbá, Jẹ́nẹ́sísì 8:22, "ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òun òjò" ló dúró níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ̀rọ̀ ìgbà ooru wọn àti ìgbà òtútù wọn. Àwọn atúmọ̀ yẹn ń wá ìdajì ọdún méjì tó yàtọ̀ síra, èyí tí àwọn tó máa kà á mọ̀ ni wọ́n sì lò. Ó bá ẹsẹ náà mu. Ṣùgbọ́n ìwé ìpè ní ọjọ́ nínú. Ẹ̀ẹ̀rùn tí ọmọ Yorùbá mọ̀ bọ́ sí nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ìgbà tí òtútù mú jù ní apá àríwá ayé. Oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ ni ooru tiwọn, òjò sì lè rọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa. Ní apá gúúsù ayé, oṣù Kejìlá sí Ìkejì ni. Ooru ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe gbígbẹ ilẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n kọ "ìgbà ooru", kí wọ́n sì dárúkọ oṣù, kó má bàa sí ẹni tó ń retí ọ̀yẹ́.

Píkíníìkì ni ọ̀pọ̀ nínú yín ní ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà, àwọn tí kò fẹ́ ẹ sì ń sọ pé àpèjẹ tàbí àríyá. Mo fẹ́ ká yẹra fún méjèèjì. Ẹni tó bá pè ọ́ wá sí àpèjẹ, òun ló ń wá oúnjẹ. Tìẹ ni kó o wẹ ọwọ́. Bí wọ́n bá fi àpèjẹ sórí ìwé náà, gbogbo èèyàn á dé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ẹjọ́ wọn kọ́, torí ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ fún wọn nìyẹn. Níbi ìpàdé yìí, kò sí olùgbàlejò. Oníkálùkù ló ń gbé tiẹ̀ wá, wọ́n á wá kó o pọ̀. Èdè wa ti sọ orúkọ rẹ̀: àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Òwe yẹn kò lè yé ẹnikẹ́ni bí kò bá gbà pé àjọjẹ ni èyí tí gbogbo èèyàn ní ohun tí wọ́n mú wá. Géèmù náà ń ṣe bákan náà níbẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan gbé tiẹ̀ wá, gbogbo wọn sì jọ gbá a. "Ìgbafẹ́" tí àbúrò wa obìnrin dá lábàá ló máa sọ pé ìta ni, pé afẹ́fẹ́ àti ìsinmi wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ṣe ọ̀kan: àjọjẹ ìgbafẹ́.

Ó ku ìlà ìsàlẹ̀ tó ní "Ẹ mú géèmù yín wá fún ìdánwò". Ẹni tó ti lọ sí ilé ìwé, bó bá gbọ́ ìdánwò, àyà rẹ̀ á já. Ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́ ti Sátánì. Kò sì sídìí tó fi yẹ ká wá ọ̀rọ̀ orúkọ síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ràn kó máa to ọ̀rọ̀ orúkọ léra, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń ṣiṣẹ́ náà láìlàágùn: ká bá yín gbá a wò. "Wò" yẹn ti sọ pé kò tíì parí, pé ẹ̀ ń fẹ́ mọ ibi tó kù sí, pé kò sẹ́ni tó ń fún yín ní máàkì.

Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyí:

"Àjọjẹ Ìgbafẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Géèmù Agbègbè Wa. Ìgbà ooru yìí, nínú oṣù Keje, ní ìta gbangba. Ẹ gbé oúnjẹ tí a ó jọ jẹ wá. Ẹ gbé géèmù yín wá, bí kò tilẹ̀ tíì parí, ká bá yín gbá a wò. Ẹ gba iná sínú ẹ̀rọ yín kó kún kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì mú agboòrùn dání, torí oòrùn kì í jẹ́ ká rí ojú ẹ̀rọ."

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju oníṣẹ́ géèmù lọ, ẹ jọ̀wọ́, kó má mú orúkọ nìkan wá. Kó fi í sínú gbólóhùn méjì, ọ̀kan nípa ẹni tó ń kọ kóòdù, ọ̀kan nípa ẹni tó ń ṣe orin, ká lè gbọ́ bó ṣe dún lẹ́nu kí ìwé náà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́.