Ìmọ́lẹ̀ kò ní òpó: èsì mi lórí “ìsọdolópòó”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò,

Mo kí yín o. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, lórí orúkọ tí a ó máa pe polarization ìmọ́lẹ̀ ní Yorùbá (ìyẹn ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ń fì sí bó ṣe ń lọ), láì dá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni kẹta tún lo “ìsọdolópòó” bí ẹni pé gbogbo wa ti fẹnu kò lé e lórí, mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, tara mi á bá mi dákẹ́.

Fún ẹni tí kò tètè dé: Bàbá wa Ọ̀jọ̀gbọ́n túmọ̀ ìròyìn kan nípa ilé iṣẹ́ léésà ńlá tó wà ní Livermore ní California, èyí tó ń jẹ́ National Ignition Facility. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ìròyìn náà ti sọ bí wọ́n ṣe ń fi iná mànàmáná darí polarization ìmọ́lẹ̀ léésà, Bàbá kọ ọ́ nípa ẹ̀rọ tó ń ṣe é pé: “Sẹ́ẹ̀lì Pockels ń ṣe ìsọdolópòó ìmọ́lẹ̀ kí ó lè kọjá.” Àbúrò wa tó wà ní Houston ní òun gbà, àfi pé “ìmì” ì bá dùn ún gbọ́ jù. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ tú u. Ì, sọ, di, olópòó. Olópòó náà, oní àti òpó ni. Kí ni Yorùbá ń pè ní òpó? Igi tó gbé òrùlé dúró ni. Òun ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń fín ọ̀nà sí lára ní ààfin. Òun náà ni wọ́n ń fa wáyà iná lé lórí ládùúgbò. Gẹ̀ẹ́sì ló tan Bàbá jẹ níbí. Ọ̀rọ̀ méjì tó ń jẹ́ pole ni Gẹ̀ẹ́sì ní, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀kan ti ara palus èdè Látìn wá, ìyẹn igi tí a rì mọ́lẹ̀. Èkejì ti ara polos èdè Gíríìkì wá, ìyẹn ojú ibi tí nǹkan gbé ń yí po. Èkejì yìí ni ti ìpẹ̀kun ayé ní àríwá àti gúúsù, òun ni ti mágnẹ́ẹ̀tì, òun ló sì wà nínú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí à ń wí. Òpó kò túmọ̀ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ rárá, ká má tíì wá dé orí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ gan-an, àṣìṣe ni. Ní 1808, ọ̀gbẹ́ni Faransé kan, Étienne-Louis Malus, mú òkúta Iceland, èyí tó máa ń fi ohun kan han ojú ní méjì, ó fi ń wo oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń kọ mànà lára fèrèsé ààfin Luxembourg ní Paris. Bó ṣe ń yí òkúta náà lọ́wọ́, àwòrán kan ń ṣú, èkejì ń mọ́. Malus gbà pé hóró hóró ni ìmọ́lẹ̀, pé hóró kọ̀ọ̀kan ní orí àti ìdí bíi mágnẹ́ẹ̀tì, pé òkúta náà ló ń tò wọ́n kí orí wọn lè kọjú síbì kan. Ìdí tó fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn nìyẹn. Ó kú ní 1812. Nígbà tó di 1821 ni Augustin Fresnel, ọmọ Faransé mìíràn, wá fi hàn pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, pé ńṣe ló ń fì ní ìdábùú ọ̀nà tó ń tọ̀, kò sì ní orí tàbí ìdí kankan. Orúkọ ti ta gbòǹgbò nígbà náà, àwọn òyìnbó kò rí i fà tu mọ́. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ nǹkan lórúkọ lónìí, èwo ni tiwa nínú àṣìṣe Malus?

Ó dùn mí nítorí pé àwọn àgbà tó ṣáájú wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí rédíò dé, wọn kò bèèrè ohun tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní Látìn. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò gba èsì, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tó fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, sáyẹ́ǹsì náà wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ olùkọ́ máa ń ní kí n gbé nǹkan náà ka orí tábìlì kí n tó dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e ka tábìlì nígbà náà. Ẹ so okùn mọ́ ara igi, ẹ di orí kejì mú, ẹ fì í sókè sódò. Ìgbì ń lọ sídìí igi, ṣùgbọ́n okùn fúnra rẹ̀, òòró ló ń fì. Ẹ fì í sọ́tùn-ún sósì, ìbú ló ń fì. Bí ẹ bá na okùn náà gba àárín ọ̀pá méjì nínú ọgbà, ti òòró á kọjá, ti ìbú á kọ́ lára ọ̀pá. Ẹ wá fì í roboto bí ìgbà tí àwọn ọmọ ń fo okùn, ìgbì á máa lọ bí ohun tó ń lọ́ra. Abẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé ni mo ti ń ṣe é, kò sì sí ọmọ tí kò yé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń fì sí ìhà gbogbo pọ̀. Ọ̀pọ̀ léésà ní tiwọn, bí wọ́n ṣe ń jáde ni wọ́n ti ń fì sí ìhà kan ṣoṣo.

Ibí ni “di” ti wá di ìjà. Bàbá, ẹ wo “ìsọdọmọ”: ẹni tí kì í ṣe ọmọ ni a sọ di ọmọ. Ẹ wo “ìsọdọ̀tun”: ohun tó ti gbó ni. Sọ-di kò ṣeé lò fún ohun tó ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú ẹ̀rọ Pockels ní Livermore ti ní ìhà tó ń fì sí kó tó wọlé. Ẹ̀rọ náà kò sọ ọ́ di nǹkan kan, ìhà yẹn ló yí fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, nítorí inú iṣẹ́ ni orúkọ ń gbé.

Kírísítálì pẹlẹbẹ kan ni, irú iyọ̀ dídì tó mọ́ gaara tí wọ́n ń pè ní KDP, ó fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti òòró, kò nípọn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Bí iná bá wọ inú rẹ̀, tó bíi 17,000 fóltì, ìfì ìmọ́lẹ̀ á pín sí méjì tó dábùú ara wọn, ọ̀kan á sì máa falẹ̀ ju èkejì lọ. Bí ọ̀kan bá fi ìdajì ìgbì gbẹ́yìn, nígbà tí méjèèjì bá tún jùmọ̀ jáde, ìfì tó wọlé ní òòró á jáde ní ìbú. Bó bá jẹ́ ìdámẹ́rin ìgbì ló fi gbẹ́yìn, á jáde ní roboto. Awò kan wà níwájú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ìfì kan kọjá, tó sì ń ta èkejì dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná wọlé, ìmọ́lẹ̀ kọjá lọ bá dígí, ó padà wá. Iná kúrò, awò ta á síta. Bí wọ́n ṣe ń mú kí ìmọ́lẹ̀ kan náà gba inú ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin nìyẹn, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ìtànṣán 192 ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2022, agbára ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n rọ lé ohun kékeré kan lórí, kí àwọn átọ́mù inú rẹ̀ lè dà pọ̀ kí agbára sì jáde, jẹ́ mẹgajúùlù 2.05, agbára tó ti ibẹ̀ jáde sì jẹ́ 3.15. Ìròyìn tí Bàbá ń túmọ̀ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ṣebí òòró náà di ìbú, èmi náà nílò “di”. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìfì kan ló di ìfì mìíràn. Kò sí aláìnífì tó di onífì níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá “sọ di” tòótọ́ nínú ẹ̀rọ yìí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kírísítálì náà méjèèjì. Irin kò ṣeé fi gbé iná wọ inú rẹ̀ níbẹ̀, nítorí irin á dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, léésà á sì bà á jẹ́. Gáàsì fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi sí i, iná sì sọ gáàsì náà di plasma, ìyẹn ohun tí átọ́mù rẹ̀ ti pín, tí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Gáàsì ni tẹ́lẹ̀, kì í ṣe gáàsì mọ́. Ó tọ́ láti lò ó níbẹ̀.

Ti “ìmì” ńkọ́? Àbúrò mi, inú mi dùn pé o dá sí i, ṣùgbọ́n wo ohun tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ. O kọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì péré lo fi àmì sí i. Ìmì, ìmí, imí. Ọmọ tó bá fi àmì kan sílẹ̀ nínú ìwé ìdánwò á kọ ìmọ́lẹ̀ mọ́ ohun tí a kì í dárúkọ níwájú oúnjẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mímì kò ní ìhà. Ilẹ̀ mì tìtì, ta ló bèèrè ìhà tó mì sí? Fì ló ní ìhà. Ọmọ orí jangirọ́fà ń fì. Apá ṣọ́jà tó ń yan ń fì. Ẹni tó fì pàṣán, yálà ó fì í síwá sẹ́yìn tàbí ó fì í yí orí ara rẹ̀ po, fì náà ni. Òòró, ìbú, roboto, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì fi ipá ṣe. Ibo lẹ ti máa rí irú rẹ̀?

Lóòótọ́, fì pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ ni o. Ìfì. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní “ìfi” tí ẹ gbé ohùn rẹ̀ sí àárín, ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ kọ. Àwọn tó ń fi fóònù kọ̀wé láì sí àmì, ẹ ṣàánú wa.

Ohun tí mo mú wá nìyí: ìhà ìfì ni kí a máa pe polarization ìmọ́lẹ̀. Ìfì òòró, ìfì ìbú, ìfì roboto. Ẹ̀rọ tó ń fi iná yí i, ayífìdà. Awò tó ń ṣa èyí tó máa kọjá, aṣàfì. Ẹnìkan ti kọ ọ́ níbí pé “a-” kò yẹ ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni gbogbo àdúgbò ń pe jẹnẹrétọ̀? Amúnáwá. A, mú, iná, wá. A, yí, ìfì, dà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Ní ti “sẹ́ẹ̀lì”, àwọn ọmọ wa ti ní sẹ́ẹ̀lì inú ara, wọ́n ní ti bátìrì, ẹ má fi ẹ̀kẹta kún un. John Kerr tó kọ́kọ́ rí ipa iná lára ìmọ́lẹ̀ báyìí ní Glasgow ní 1875, ìgò olómi ni wọ́n padà ń lò fún tirẹ̀, ẹni tó bá pe ìyẹn ní sẹ́ẹ̀lì, mo gbọ́. Ti Friedrich Pockels, ọdún 1893, kírísítálì líle ni. Ayífìdà Pockels, ayífìdà Kerr: orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ò sọnù.

Bàbá kọ ọ́ pé àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Òótọ́ ni, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ti fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ní fíísíìsì ní Ìbàdàn, ẹnu mi ni wọ́n sì ti ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kó tó dé ìwé. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Livermore nìkan. Lẹ́tà tí ẹ ń kà yìí, àwọn okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bíi Equiano tó gúnlẹ̀ sí Lọmé àti Èkó ní 2022 ló ń gbé irú rẹ̀, ìfì méjì tó dábùú ara wọn ni wọ́n sì ń fi rán iṣẹ́ méjì pọ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa kọjá òkun, ó yẹ ká mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ti Peckham tún gbé e dé pé ara “fì” yìí ni òfì aṣọ òfì ti wá. Mi ò gbà á rí, mi ò sì tíì gbà á. Ìṣẹ́yìn ni ìyá tó bí ìyá mi, ìdí òfì ni mo gbé dàgbà, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rí, kí wọ́n mú un wá. Ẹni tó ní “lésà” ni kí a máa kọ, pé “léésà” gùn jù, mo ti fún un lésì lọ́dún tó kọjá, léésà ni èmi ṣì ń kọ.

Ọ̀kan kù tí mi ò rí. Bí iná inú kírísítálì kò bá tó ti ìdámẹ́rin ìgbì, ìfì tó jáde kì í ṣe roboto, kì í sì í ṣe gbọọrọ. Ó ń yí po bí ìrísí ẹyin tí a fi lélẹ̀. “Ìfì ẹlẹ́yin” kò wọ̀ mí létí, nítorí eyín àti ẹyin á tún bá wa jà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Òkè-Ògùn, ẹ bá mi bi àwọn àgbà tó kù nílé: kí ni wọ́n ń pe yíyípo tó gùn níhà kan ju èkejì lọ?