Ta ló yẹ kó gbé ẹjọ́ wa lọ sí kòtẹ́milọ́rùn?

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ ti da ẹjọ́ owó overtime wa nù, àwa tí a ń tọ́jú àgbàlagbà. Lọ́yà wa ní òun kì í gba ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó wá júwe ẹlòmíràn fún wa. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹni náà mọṣẹ́?

Wálé, Dallas: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa kà. Bí kì í bá ṣe ìjọba Amẹ́ríkà lẹ ń bá ṣẹjọ́, 30 ọjọ́ péré lẹ ní lẹ́yìn ìdájọ́ láti fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀.

Lọ́yà tó sọ òótọ́ yẹn fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Kò sí ẹlẹ́rìí níbẹ̀, kò sí júrì. Adájọ́ mẹ́ta ló máa ń jókòó, ìwé tí lọ́yà bá kọ ló sì ń jà jù. Ẹ bi ẹni tuntun náà pé ìwé kòtẹ́milọ́rùn mélòó ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹ bi í bóyá ó ti ṣe law clerk, ìyẹn lọ́yà tó ń bá adájọ́ ṣèwádìí ẹjọ́, lọ́dọ̀ adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn rí. Ẹni tó ti ṣe é ti rí bí àwọn adájọ́ ṣe ń yẹ ẹjọ́ wò nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì. Fifth Circuit, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ní New Orleans, ni irú ẹjọ́ yín láti Texas ń lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ tibẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì State Bar of Texas, bóyá wọ́n ti bá a wí rí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù: Fifth Circuit máa ń gbé ohùn àwọn lọ́yà tó rojọ́ níbẹ̀ sórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ti lọ́yà tuntun náà nígbà tí adájọ́ bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ìbéèrè yẹn gan-an ló dáhùn, àbí ó padà sórí ohun tó kọ wá láti ilé?

Ṣadé, Atlanta: Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Overtime lábẹ́ FLSA, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí owó òṣìṣẹ́, kò rí bíi class action, ẹjọ́ tí ẹnì kan ń ṣe lórúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn, o. Nínú class action tí wọ́n fi ń béèrè owó, o ti wà níbẹ̀ àyàfi tó o bá kọ̀wé pé o ò ṣe. Ti FLSA, ẹni tí kò bá fọwọ́ síwèé kò sí níbẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Bí lọ́yà náà bá sì ní òun ti ṣe class action, adájọ́ gbọ́dọ̀ gbé ìrírí rẹ̀ yẹ̀ wò kó tó fi í ṣe agbẹjọ́rò gbogbo yín. Ohun tó kọ nípa ara rẹ̀ máa ń wà lórí PACER, ìkànnì tí wọ́n ti ń ka ìwé ẹjọ́ kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀, 10 sẹ́ǹtì lójú ìwé kan. Tí kò bá ju $30 lọ láàárín oṣù mẹ́ta, wọn ò ní gbowó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an ni. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Wálé: Àdéhùn tẹ́ ẹ bá lọ́yà àkọ́kọ́ ṣe lè má kan kòtẹ́milọ́rùn rárá. Ẹ tún un kà lónìí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tuntun yìí kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.