Mo máa ń yan oúnjẹ jẹ, Jàpáàn sì ni mo wà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo dé Osaka. Láti kékeré ni mo ti máa ń yan oúnjẹ jẹ. Ohun tó bá ti ń yọ̀, ọ̀fun mi kì í gbà á. Ìrẹsì àti ẹyin sísè ni mo fi ń gbé ẹ̀mí ró. Lánàá, ìyá onílé mi gbé nattō, ẹ̀wà wọn kan tó ń yọ̀, síwájú mi, mo bá díbọ́n pé fóònù mi ń dún. Kí ni kí n ṣe?

— Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Odindi ọdún kan ni èmi fi sá fún un. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè, tí wọ́n wá bò títí ó fi ń fà ni. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis ló ń ṣe é. Òun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òórùn rẹ̀ kò ti lé mi kúrò nílé mọ́.

Má jẹ ẹ́ lásán. Bu ṣíbí kékeré kan sórí ìrẹsì gbígbóná, kí o da ọbẹ̀ sóyà àti músítádì inú ike rẹ̀ lé e. Bí o bá ṣe ń ro ó ni á máa fà sí i, nítorí náà, má ro ó púpọ̀. Ìyá onílé rẹ á ro tirẹ̀ bí ẹni ń ro àmàlà. Ìyẹn kàn án.

Níta, teishoku ni kí o máa rà: ìrẹsì, ọbẹ̀ míso (ẹ̀wà sóyà bíbò tí wọ́n lọ̀), àti àwo oúnjẹ kéékèèké. Bí ọ̀kan bá kọ̀, òmíràn á wọlé. Bí ìrẹsì bá pọ̀ jù, sọ pé "gohan sukuname", wọ́n á dín in kù. Àmọ́ umeboshi, èso pupa kékeré yẹn, má jù ú sẹ́nu lódindi bí mo ti ṣe. Iyọ̀ àti kíkan rẹ̀ mú kí etí mi gbóná!

— Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ jẹ nattō o. Fítámì K inú rẹ̀ ń ba iṣẹ́ oògùn náà jẹ́.

— Àbúrò, o ní ohun tó ń yọ̀ kì í wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ewédú ńkọ́?

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tú mi fó. Ajá ilé wa ló máa ń bá mi jẹ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Mo ti ra nattō lálẹ́ yìí, mẹ́ta ni wọ́n dì léra wọn. Mo ti ṣí ọ̀kan. Ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.