Ṣé kí n tún ẹ́ńjìnnì píkọ̀ọ̀pù 504 yìí ṣe, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìléṣà ni mo wà. Píkọ̀ọ̀pù Peugeot 504 kan wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láyé ìjọ́sí. Kókó ni bàbá àgbà wa fi ń kó láti Ìwàrà.

Ara rẹ̀ ṣì le. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ló dógùn-ún, wẹ́dà á yanjú ìyẹn. Súpíríńgì ẹ̀yìn, àwọn onípẹlẹbẹ yẹn, kò tíì tẹ̀ rárá.

Ẹ́ńjìnnì ni wàhálà. Omi ń wọ inú ọ́ìlì, ó ti funfun bí ògì. Mẹkáníìkì kan ní gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló jó. Àgbàlagbà kan n'Ífẹ̀ ní kí n má kánjú: sílíìfù ẹ́ńjìnnì yìí, irin róbótó tí písítìn ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀, ṣeé yọ, omi ló sì yí i ká, ó lè jẹ́ pé ohun tó dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́. Tiẹ̀ ló wọ̀ mí létí jù. Ẹlòmíràn ní kí n gbé ẹ́ńjìnnì Toyota tòkunbọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé 504 nìyẹn mọ́?

Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ kí n tó tú u? Ṣé ẹ ṣì ń rí ojúlówó sílíìfù àti písítìn rẹ̀ rà, ní Gate n'Íbàdàn tàbí ní Ladipo l'Ékòó? Ẹni tó bá sì mọ iye owó iṣẹ́ náà báyìí, kó bá mi sọ ọ́.