Ṣé ìyàwó lè pe ẹjọ́ torí pé ọkọ ẹ̀ ń yan àlè?

Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rẹ́ mi kan ní North Carolina l'Amẹ́ríkà rí mẹ́sẹ́èjì ìfẹ́ lórí fóònù ọkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹnì kan wá ní ó lè gbé e lọ kóòtù kó gbowó. Ṣé òótọ́ ni àbí lọ́yà kan ló fẹ́ jẹun níbẹ̀? Èmi rò pé ọkùnrin nìkan ló ń pe irú ẹjọ́ yẹn.

Bọ̀dá Láńre: Òótọ́ ni o, àmọ́ kì í ṣe ọkọ ẹ̀ ló máa pè lẹ́jọ́, obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń yàn lálè ni. Ọ̀nà méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, ó máa fi hàn pé ìfẹ́ wà láàárín òun àti ọkọ òun kí obìnrin yẹn tó wá bà á jẹ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà torí lọ́yà tọ̀hún á ní ìgbéyàwó yẹn ti kú tipẹ́tipẹ́. Èkejì ò gba àlàyé púpọ̀, bí ẹ̀rí bá ti wà pé wọ́n jọ sùn nígbà tí tọkọtaya ṣì wà pọ̀, kódà kí obìnrin yẹn ní òun ò mọ̀ pé ọkùnrin náà níyàwó, kò gbà á. Kóòtù ti ní kí wọ́n san mílíọ̀nù dọ́là rí, àmọ́ ta ló fẹ́ rí i gbà lọ́wọ́ ẹni tí ò ní? Kó má sì fi falẹ̀, ọdún 3 ni òfin fún un.

Ìyá Tóbi: Àdùkẹ́, bó o ṣe rò pé ọkùnrin nìkan ló ń pe irú ẹjọ́ yẹn ní ìdí. Ní England, láti 1857 ọkọ lè kọ ìyàwó torí àgbèrè nìkan, ìyàwó ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn míì kún un, bíi ìwà ìkà, ìgbà tó di 1923 ni wọ́n tó mú un dọ́gba. Ti Íńdíà tún wá burú, ọkọ ló lè mú ọkùnrin tó bá ìyàwó ẹ̀ sùn lọ sí kóòtù, ìyàwó tí wọ́n dà ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá! 2018 ni wọ́n tó wọ́gi lé òfin yẹn. Dúkìá ni wọ́n kà wá sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Délé: Ìpínlẹ̀ díẹ̀ ló ṣì ní òfin yìí l'Amẹ́ríkà, níbòmíì ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n ń fi àgbèrè bèèrè. Kó má lọ fi nǹkan ìṣọ́ sínú fóònù ọkọ ẹ̀ o, ìyẹn lè di ẹjọ́ sí òun fúnra ẹ̀ lọ́rùn. Ṣé wọ́n ṣì jọ ń gbé? Torí ohun tí ọkọ bá ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti pínyà ò sí nínú ẹ̀.

Àdùkẹ́: Wọ́n ṣì jọ wà nílé, àmọ́ ó ti ń di ẹrù. Màá ní kó rí lọ́yà ná kó tó jáde. Ẹ ṣé gan-an ni.