Ọmọ àgbà ni ó ń ta ilé bàbá wọn fún mi: ṣé ìfọwọ́sí òun nìkan tó?

Àdìó béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra ilé kan ní Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ tọ́ mi sọ́nà kí n tó tọwọ́ bọ àpò. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin ni, ilé kékeré kan sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tí àwọn ayálégbé méjì ń gbé. Bàbá tí ó kọ́ ọ ti di olóògbé, kò sì kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Ìyàwó méjì ni bàbá náà fẹ́, ọmọ méje ni wọ́n sì bí fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wà ní London, àwọn yòókù fọ́n káàkiri.

Ọmọkùnrin tí ó dàgbà jù, tí ó ń gbé inú ilé náà, ni ó ń bá mi dúnàádúrà. Ó ní òun ni Dáwódù, pé bí òun bá ti fọwọ́ sí i, abùṣe bùṣe. Ó fi rìsíìtì ilẹ̀ tí bàbá wọn rà lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ ní ọdún 1983 hàn mí, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí etí rẹ̀ ti ń gbó. Wọn kò ní C of O, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ ènìyàn lórí ilẹ̀. Alágbàtà tí ó mú mi débẹ̀ kò jẹ́ kí n sinmi: ó ní ẹlòmíràn ti gbé owó dání, pé kí n yára san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá sílẹ̀ kí ilé má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ilé náà wù mí, iye tí wọ́n dá lé e kò sì le jù, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni ó yẹ kí n ṣe kí n tó san ohunkóhun?

Amòfin dáhùn pé:

Ọ̀gbẹ́ni Àdìó, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ohun tí ọkùnrin náà sọ nípa ipò rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n Dáwódù kọ́ ni ó ni ilé, alábòójútó ni. Ní àṣà àwa Yorùbá, èyí tí àwọn ilé ẹjọ́ ti ń tẹ̀ lé láti ayé ìjọba amúnisìn, bí ọkùnrin kan bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé tí ó fi sílẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lè dá yàrá kan tà níbẹ̀, áńbọ̀sì odindi ilé. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n dá ní Èkó ní ọdún 1908, ilé ẹjọ́ gbà pé lẹ́yìn ikú Dáwódù, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù láyé lè di olórí ẹbí, ìbáà ṣe obìnrin. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ilé kò kan obìnrin.

Ọwọ́ tí òfin fi mú títà irú ilé báyìí nìyí. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi ti àwọn àgbà ẹbí yòókù ṣe, títà náà yóò dúró títí di ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá gbé e lọ sílé ẹjọ́ tí adájọ́ sì fagi lé e. Ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, tàbí bí olórí ẹbí bá tà á bí ẹni pé ohun ìní tirẹ̀ nìkan ni, kò tilẹ̀ sí títà rárá, òfìfo ni. Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ: bí ó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun ta ilé òun fún yín, tí kò sọ pé ilé ẹbí ni àti pé ẹbí ni òun ń ṣojú fún, inú èyí tí ó burú jù lọ ni ẹ bọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni Dáwódù lóòótọ́.

Ìdí-igi méjì ni ó wà nínú ilé yìí, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí-igi kan. Ó kéré tán, àwọn àgbà láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú olórí ẹbí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi, gbogbo ọmọ méjèèje ni n óò ní kí ó fọwọ́ sí i, nítorí ọmọ méje kò pọ̀ jù fún ìwé kan. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ti kú, àwọn ọmọ tirẹ̀ ni yóò yan ẹni tí yóò dúró fún wọn. Èyí tí ó wà ní London lè fi ìwé aṣojú ránṣẹ́, kí ó fọwọ́ sí i níwájú nótárì níbẹ̀. Kí ó máa mi orí lórí WhatsApp kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ẹ tún béèrè bóyá bàbá ti bá ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ṣe ìgbéyàwó kóòtù, nítorí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, pípín ogún náà lè kúrò lábẹ́ àṣà, kí ìyàwó náà fúnra rẹ̀ sì ní ìpín níbẹ̀. Bí ẹbí bá ti gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ẹjọ́ náà, kí ẹ rí i pé orúkọ àwọn tí wọ́n jókòó níwájú yín ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní ìparí èyí, ẹ gba agbẹjọ́rò tiyín. Agbẹjọ́rò tí ẹbí tàbí alágbàtà bá mú wá fún yín, ti ẹbí tàbí ti alágbàtà ni.

Awọ̀nlẹ̀ dáhùn pé:

Amòfin ti sọ ti ènìyàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀.

Ẹ má wo àwòrán ilẹ̀ yẹn bí ẹni ń wo fọ́tò. Orúkọ bàbá gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀, nọ́ńbà àwòrán náà, orúkọ awọ̀nlẹ̀ tí ó wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà àwọn òkúta ààlà, àti bí ilẹ̀ náà ti tóbi tó. Ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ fún awọ̀nlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, kí ó bá yín lọ sí ilé náà, kí ó wá àwọn òkúta ààlà jáde (inú koríko tàbí abẹ́ kọnkéré ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a sábà máa ń bá òmíràn), kí ó sì tún ilẹ̀ wọ̀n. Lẹ́yìn náà, yóò gbé àwọn nọ́ńbà tí ó bá rí lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí àwọn awọ̀nlẹ̀ ìjọba, ní Sẹkitéríàtì Agodi láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Mọ́níyà kì í ṣe ibi tí a ti ń fi ìyẹn ṣeré, nítorí ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ ojú irin tí ó ń ti Èkó bọ̀ wà, títì tí ó gba ibẹ̀ kọjá sì jẹ́ títì ńlá. Ilé lè jẹ́ ti ẹbí lóòótọ́ kí apá kan nínú ọgbà rẹ̀ má sì jẹ́ ti wọn.

Ẹ ṣírò bí ilẹ̀ náà ti tóbi tó fúnra yín. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé odindi pùlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni, ohun tí ó yẹ kí ẹ rí lórí àwòrán jẹ́ nǹkan bí 465 níwọ̀n mítà onígun mẹ́rin. Bí ẹ bá rí 380, ẹ ti mọ iye tí ó yẹ kí ó kúrò nínú owó ilé. Mo ti rí ibi tí ògiri ọgbà ti wọ inú ilẹ̀ aládùúgbò, tí aládùúgbò náà sì dákẹ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ bàbá ni, ṣùgbọ́n kò ní dákẹ́ fún ẹni tí ó ra ilé lọ́wọ́ ọmọ.

Rìsíìtì ọdún 1983 fi hàn pé bàbá sanwó fún àwọn kan. Ẹ wá ẹbí onílẹ̀ náà lọ, kí ẹ bi olórí wọn ìsinsìnyí léèrè bóyá wọ́n mọ̀ pé àwọn ta ilẹ̀ yẹn fún bàbá. Kì í ṣe pé kí ẹ tún un rà lọ́wọ́ wọn o. Ohun tí ẹ ń wá ni kí ó má ṣe jẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá da yanrìn sílẹ̀ láti tún ilé ṣe ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún yín pé ẹjọ́ kan wà nílẹ̀. Bí ẹjọ́ bá sì wà lórí ilé náà nílé ẹjọ́ nígbà tí ẹ rà á, ìdájọ́ tí ó bá ta ko ẹni tí ó tà á fún yín yóò mú ẹ̀yin náà.

Ẹ lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò ńlá. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí odò kún bo ilé àti afárá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri lẹ́yìnkùlé: bí ọ̀dà tuntun bá wà níbẹ̀ nìkan, tí òkè rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dà àtijọ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi bò.

Ìyá Ìbejì dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Èmi wà lára àwọn tí ó ta ilé bàbá wọn, ní Abẹ́òkúta, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tí ó ń rà kì í rí.

Alágbàtà tí ó ń lé yín yẹn, owó tirẹ̀ ni ó ń lé. Nígbà tí àwa ń ta tiwa, àwọn alágbàtà mélòó kan ni wọ́n ń gbé ilé náà kiri, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ọ̀kan ti bu owó ńlá lé iye tí a dá, a kò mọ̀, àfi ìgbà tí ẹni tí ó fẹ́ rà á bá wa jókòó. Ẹ rí i dájú pé ẹnu ẹbí gan-an ni ẹ ti gbọ́ iye ilé náà, níbi tí ó ju ẹnì kan lọ bá wà. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ní ilé láti tà, ẹ kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ láàrin ara yín kí ẹ tó pe alágbàtà: ṣé ìdí-igi ni ẹ óò fi pín owó náà ni, tàbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà? Àwa kò parí rẹ̀ kí oníbàárà tó dé, owó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Ojúlówó ìwé ilé kì í wọ àpò alágbàtà. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún un.

Arákùnrin Àdìó, ṣé ẹ ti béèrè ibi tí wọ́n sin bàbá sí? Mo rí i pé kò sí ẹni tí ó mẹ́nu bà á. Nínú ọgbà ni wọ́n sin tiwa sí, lábẹ́ òrombó, kọnkéré wà lórí sàréè náà, èèyàn sì lè rò pé ibi tí wọ́n ń jókòó gbatẹ́gùn ni. Ẹni tí ó ra ilé náà béèrè kí ó tó sanwó, a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé sàréè kò ní kúrò níbẹ̀, pé ẹbí lè wọlé wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bí a bá ti sọ fún un ṣáájú. Àwọn mìíràn yóò fẹ́ gbé òkú wọn lọ, ìyẹn sì nílò kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn wolé-wolé. Kì í ṣe ohun tí a ń dá ṣe lóru. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ bi wọ́n nípa gbèsè iná mànàmáná pẹ̀lú, kí ẹ sì rí ìwé tí wọ́n san gbẹ̀yìn.

Àdìó tún kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti béèrè. Sàréè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní ẹ̀gbẹ́ kànga, n kò sì fura rárá. Ẹ̀gbọ́n obìnrin sì wà, ní Òṣogbo. Nígbà tí mo bá ìyá náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹnu mi ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n ń ta ilé. Wọn kò ní kí á má tà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní iye náà kéré, àti pé àwọn fẹ́ kí ẹbí jókòó ná. Ọmọkùnrin náà ń bínú pé mo lọ ru ẹbí sókè. Alágbàtà ní kí n san díẹ̀ kí wọ́n fi mọ̀ pé mo ṣe tán. Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè fi di ilé náà mú láì kó sí wàhálà? Àwọn ayálégbé méjì yẹn ńkọ́?

Amòfin dáhùn pé:

Ìbínú rẹ̀ kò pa yín lára. Owó tí ẹ bá fún un ni yóò pa yín lára. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ṣe tán, ẹ ní kí agbẹjọ́rò yín kọ ìwé sí ẹbí, kì í ṣe sí òun nìkan, kí ó sọ iye tí ẹ fẹ́ san àti pé ẹ ti ṣe tán láti san án bí gbogbo wọn bá fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ta kú pé àfi kí owó díẹ̀ wà nílẹ̀, kí ó wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, pẹ̀lú ìwé tí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí, pé kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹbí títí ìfọwọ́sí yóò fi pé, pé yóò sì padà sọ́dọ̀ yín bí kò bá pé ní ọjọ́ tí ẹ dá. Nígbà tí ó bá yá láti san gbogbo rẹ̀, ẹ gba bánkì sanwó náà. Òfin ọdún 2022 tí ó tako fífi owó ìdọ̀tí ṣòwò kò gbà kí ènìyàn san ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ lówó tí a kà síni lọ́wọ́, bánkì sì máa ń fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Ní ti ayálégbé, bí ẹ bá ra ilé, ẹ ra wọ́n mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń san owó ọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìfitónilétí oṣù mẹ́fà bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàrin wọn, ti oṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí ti oṣù kan, lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ méje yóò tẹ̀ lé e kí ẹ tó lè lọ sílé ẹjọ́. Ẹ bi àwọn ayálégbé náà fúnra wọn iye tí wọ́n san, ọjọ́ tí yóò tán, àti ẹni tí wọ́n san án fún, kí ẹ sì wo rìsíìtì wọn, nítorí olùtajà lè ti gba owó ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé òfìfo ni ẹ fẹ́ gbà, kí ẹbí ni ó fún wọn ní ìwé, kí ẹ má sì san èyí tí ó kù nínú owó ilé títí wọn yóò fi kó jáde.

Ẹ jẹ́ kí ẹbí jókòó gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ó wà ní Òṣogbo ti wí. Bí iye bá lọ sókè díẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó náà, ẹ ṣì lè dúnàádúrà, wọn yóò sì jẹ́ méje tí ẹ ń bá dúnàádúrà.