Yàrá ìfọṣọ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí a fẹ́ tún ṣe: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Yàrá ìfọṣọ wa kò tóbi, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń kó jọ sí. Àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ iléèwé lórí ọpọ́n tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá àwọn ọmọ fẹ́ àga onítìmùtìmù. Èmi ò gbà: ọ̀rinrin ọ̀sà yìí ti sọ ìsàlẹ̀ ògiri di dúdú, ọ̀dà ń bó. Bẹ́ǹṣì onípákó tí abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn ló wù mí.

Ṣé ká kọ́kọ́ lẹ táìlì ni, àbí ká lu fèrèsé kejì kí atẹ́gùn lè já síra? Ihò iná ẹ̀rọ ìfọṣọ ńkọ́, tó sún mọ́ ẹ̀rọ omi? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, èló ló ná yín?